Belladonna of Sadness (1973): káàtúùnù àgbàlagbà tí kò fẹ́ rìn

Ọ̀pọ̀ nínú káàtúùnù yìí ni kò rìn rárá. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí òun ló ń lé àwọn òǹwòran sá kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó pé. Wọ́n á ya obìnrin kan sórí bébà funfun, kámẹ́rà á wá máa rá kọjá lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, bí ìgbà tí wọ́n ń tú àwọn àkájọ ìwé gígùn tí àwọn ará Japan àtijọ́ ń ya ìtàn sí. Èèyàn á máa retí kí obìnrin náà gbé apá, kó yí orí. Kò ní yí i. Orin ń rìn, ohùn ń rìn, àwòrán jókòó jẹ́ẹ́.

Orúkọ rẹ̀ ní èdè Japan ni Kanashimi no Belladonna. Belladonna of Sadness ni àwọn tó ń tà á lóde òní kọ sára páálí rẹ̀. Eiichi Yamamoto ló darí rẹ̀, Kuni Fukai ló ya àwòrán rẹ̀, Gisaburo Sugii ló sì darí àwọn tó mú ìwọ̀nba tó rìn níbẹ̀ rìn. Bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni. Fíìmù àgbàlagbà ni, mi ò sì fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré: ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀, ìhòòhò pọ̀ ju aṣọ lọ, wọ́n sì dáná sun èèyàn níbẹ̀. Ẹni tí irú ìkà bẹ́ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí kò yẹ kó ṣèèṣì bá a pàdé. Ẹ̀dà tí mo wò ni èyí tí wọ́n tún ṣe ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2016, tí wọ́n ti dá àwọn ibi tí wọ́n gé kúrò padà sí i. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn ń rí ibi tí omi àwọ̀ ti rin sínú bébà.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Abúlé kan ni, ní ilẹ̀ Faransé, láyé tí ọlọ́lá ló ni ilẹ̀ tó sì tún ni ẹni tó ń ro ó. Jean àti Jeanne ṣe ìgbéyàwó, wọ́n lọ sí ààfin láti san owó tí wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó san. Ọlọ́lá bu iye tí agbára wọn kò ká lé wọn lórí. Nígbà tí Jean kò rówó san, ọlọ́lá gba ìyàwó dípò owó, ó fipá bá a lò pọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn ìsọ̀ǹgbè rẹ̀. Láàárín ẹkún Jeanne ni ẹ̀mí kékeré kan ti yọ sí i, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. (Ohun tí wọ́n fi ìrísí ẹ̀mí náà jọ, ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú kan náà, fíìmù yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pa mọ́.) Ó ní igbe Jeanne ló pe òun wá. Bí Jeanne ṣe ń gbà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà, títí ó fi di Sàtánì gìrìwò.

Jeanne bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú, òwú rẹ̀ sì ń tà nígbà tí ebi ń pa abúlé. Ọlọ́lá rí i pé owó ń wọ ilé náà, ó sọ Jean di agbowó orí. Ogun dé, owó tí wọ́n ní kó kó jọ kò pé, wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀. Jeanne ní tirẹ̀ bọ́ sí ìdí owó èlé, sogúndogójì, ó di ẹni tí gbogbo abúlé ń tẹrí ba fún, títí aya ọlọ́lá fi pè é ní àjẹ́, tí àwọn èèyàn abúlé sì dìde sí i. Ó sá lọ sí aginjù, níbẹ̀ ló ti fi ara rẹ̀ fún Sàtánì pátápátá. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, òdòdó olóró ló fi ń wo àwọn èèyàn sàn. Ọlọ́lá ránṣẹ́ pè é pé kó wá sọ àṣírí oògùn náà kó sì gba ilẹ̀ àti ipò. Ó kọ̀. Wọ́n dáná sun ún. Mo ti sọ òpin rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe fíìmù tí mímọ òpin rẹ̀ ń bà jẹ́.

Inú La Sorcière, ìwé tí Jules Michelet, òpìtàn Faransé, tẹ̀ jáde ní 1862, ni wọ́n ti fa gbogbo èyí yọ. Èrò Michelet ni pé àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ jẹ́ oníṣègùn àwọn tálákà, àti pé ìyà tí ìjọ àti àwọn ọlọ́lá fi jẹ mẹ̀kúnnù ló lé wọn dé ọ̀dọ̀ Sàtánì. Èrò tó dùn létí ni. Ìtàn gidi kò gbè é tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òpìtàn ti wá àkọsílẹ̀ òfin tó fún ọlọ́lá láṣẹ lórí ìyàwó tuntun, wọn kò rí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n ń pè ní Ikú Dúdú ti wọ Yúróòpù láti 1347, ìgbà tí wọ́n sì ń sun àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ lọ́pọ̀ yanturu ṣì kù tó ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yamamoto kó gbogbo rẹ̀ sínú abúlé kan ṣoṣo. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Àlọ́ ló ń pa, bí àlọ́ náà ló sì ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú orin àti ohùn obìnrin tó ń sọ̀tàn. Ẹ kàn má lọ fi í dáhùn ìbéèrè ìdánwò. Òdòdó tí wọ́n fi sọ fíìmù náà lórúkọ wà lóòótọ́ o: inú rẹ̀ ni atropine wà, oògùn tí àwọn dókítà ojú ṣì ń lò láti fẹ ọmọlójú, bó bá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àwòrán tí kò rìn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù yìí ni Mushi Production, tí Osamu Tezuka dá sílẹ̀ ní 1961, àwọn kan náà tó gbé káàtúùnù Astro Boy jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Japan ní 1963. Fíìmù a máa lo àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí wọ́n lè kájú eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, Tezuka àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán díẹ̀ tan ojú jẹ: ẹnu nìkan ló ń mira, ara dúró, àwòrán kan náà á padà wá ní ibòmíràn. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe káàtúùnù fún àgbàlagbà. Àkọ́kọ́ jáde ní 1969, láti inú àwọn ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru àti Ọ̀kan. Èkejì, Cleopatra, jáde ní 1970. Belladonna ni ìkẹta. Tezuka kò bá wọn dá sí i, owó ti tán lápò, ọdún 1973 yẹn náà sì ni ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè tí kò lè jáde nínú rẹ̀. Fíìmù náà dé àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin lọ́dún kan náà, ó bá àwọn mìíràn du ẹ̀bùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ gbèsè.

Nítorí náà, àìrówó wà nínú ìdúró náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ibi tí wọn kò ti rówó mú àwòrán rìn gan-an ni fíìmù yìí ti lágbára jù. Ìlà Fukai tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń mì, ó ń já níbi tí èèyàn kò retí. Irun Jeanne á gba gbogbo ojú fíìmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn jẹ́ ìlà méjì tí wọn kò parí. Ó rán mi létí Gustav Klimt àti Egon Schiele, àwọn ayàwòrán Austria, àti Aubrey Beardsley ará Ìlú Ọba. Nítorí pé kò rìn, ojú ń rí àyè jókòó sí i. Káàtúùnù tó ń sáré kì í jẹ́ kéèyàn wo ọwọ́ ẹni tó yà á. Èyí fipá mú mi wò ó, ó sì tún ń fi ohùn àwọn òṣèré kún ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀rù tó wà lára ohùn Jeanne lórí àwòrán tí kò mira ju ẹ̀rù tí èèyàn lè rí ká ní obìnrin náà ń sáré kiri lọ.

Ṣùgbọ́n wíwò yẹn náà ni mo fẹ́ bá a ṣẹjọ́ lé lórí.

Nínú ìran ìfipábánilòpọ̀ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú àwọn ará ààfin dà bí èyí tí wọ́n gbẹ́ sára igi, kò sí àánú kan lára wọn. Jeanne funfun láàárín wọn. Lẹ́yìn náà wọn kò ya ohun tó ṣẹlẹ̀; wọ́n ya bó ṣe rí lára rẹ̀. Pupa gba ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ó ń gòkè, ó là á sí méjì bí aṣọ tí wọ́n fà ya, pupa náà sì fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó di àdán, ó fò lọ. Mi ò tíì rí ibi tí fíìmù tí èèyàn gidi ń ṣe ti sọ irú nǹkan yìí báyìí láìfi ìyà ẹlòmíràn ṣe ìran. Kò sí ẹni tó máa wò ó tó máa sọ pé òun gbádùn rẹ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí dé òpin, èmi ì bá gbé fíìmù yìí gẹ̀gẹ̀.

Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìtàn ti ń lọ, kámẹ́rà ń pẹ́ sí i lára Jeanne, orin ń dẹ̀ sí i, ìlà ń rọ̀ sí i. Sàtánì ń fipá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà yà á sì ti di ti adùn. Ẹ wo ojú Jeanne dáadáa: ẹnu tó ṣí díẹ̀, ojú tó dì, orí tó fì sẹ́yìn. Ojú kan náà ni Fukai yà fún un nígbà tí ìyà ń jẹ ẹ́ àti nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tí abúlé dìde sí i, aṣọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ya, ó sì ń sá lọ ní ìhòòhò tí wọ́n fara balẹ̀ yà, tí kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Níbo ni ìdọ̀tí wà? Ẹni tí wọ́n lé la igbó já, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn ọkùnrin tó ṣe fíìmù yìí káàánú obìnrin náà, mo gbà. Wọ́n tún fẹ́ máa wò ó ṣáá, àwọn nǹkan méjèèjì kò sì bá ara wọn rẹ́. Àìṣọ̀kan yẹn hàn ketekete, èmi kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ọgbọ́n ni wọ́n fi í dá.

Ẹni tí wọ́n yà láìṣe àṣìṣe kankan ni Jean. Ó padà rí ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ burúkú yẹn, ó ní kí wọ́n gbàgbé ohun tó ti kọjá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi wà lọ́rùn ìyàwó tó fẹ́ fún un pa. Òun ni ẹni tí a ní kó báni fẹ́ ojú tó fi ata sẹ́nu. Owó òwú ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ, ipò tí owó náà mú wá ló gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí abúlé ń lé Jeanne bọ̀ tó kan ilẹ̀kùn, Jean wà nínú ilé, kò ṣílẹ̀kùn. Wọn kò sọ ọ́ di ẹranko. Ojo lásán ni, aláìlera tó mọ̀ pé aláìlera ni òun. Wọ́n ya ojú rẹ̀ rírù, pẹ̀lú ìlà tó dà bíi pé ó máa tó pa rẹ́. Ọlọ́lá ní tirẹ̀ kàn jẹ́ agbárí òkú tó dé adé, ó burú láti òkè délẹ̀, ó sì sú mi kíákíá.

Ìran tó dára jù lọ nínú fíìmù náà kò ní Jeanne nínú. Àjàkálẹ̀ àrùn wọ ìlú, gbogbo àwọ̀ sì kúrò. Ó ku dúdú àti funfun. Ibí yìí ni wọ́n ti ná owó àwòrán tó ń rìn, wọ́n sì náwó náà sí ibi tó yẹ. Ilé ń yọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ́, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí nǹkan olómi, àwọn èèyàn dà pọ̀ mọ́ ògiri, ojú wọn ń rọ̀ kúrò lára egungun, títí ìlú fi di àbàwọ́n kan tó ń tàn ká bébà. Ó kúrú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Kò sí ìhòòhò tí wọ́n fi ń tà á. Nígbà tí mo rí i ni mo mọ irú fíìmù tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ì bá ṣe.

Ìran ìbúra pẹ̀lú Sàtánì ní aginjù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ohun gbogbo tó wà láyé ọdún 1973 dà sójú fíìmù ní ìṣẹ́jú díẹ̀: mọ́tò, bàálù, àwọ̀ tó ń ta bí iná ilé ijó, gbogbo rẹ̀ ń sáré gba ojú kọjá. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, pé ohun tí Jeanne gbà kọjá àkókò tirẹ̀, ó ń na ọwọ́ dé ọjọ́ iwájú. Ó lè jẹ́ ohun ìyanu fún ẹni tó wò ó nínú sinimá nígbà náà. Lónìí, apá yìí nìkan ló gbó nínú gbogbo fíìmù náà. Àwọn àwòrán bébà tí wọ́n yà jẹ́ẹ́ kò lọ́jọ́ orí. Eléyìí ní déètì lára. Àwọn ìran ìbálòpọ̀ ogunlọ́gọ̀ tó tẹ̀ lé e, níbi tí ẹ̀yà ara ti ń di ẹranko àti òdòdó, pa mí lẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì wá sú mi nígbà tó yá, nítorí wọ́n pẹ́ jù.

Orin Masahiko Satoh nìkan tó ìdí láti wá fíìmù yìí rí. Onípíánò jazz ni, ó sì kó gìtá iná àti ìlù tó wúwo pọ̀ mọ́ orin ìfẹ́ tí obìnrin ń kọ wúyẹ́wúyẹ́. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó jọ ilẹ̀ Faransé àtijọ́, kò sì gbìyànjú láti jọ ọ́. Níbi tí àwòrán bá ti dúró, gìtá ló ń sọ fún èèyàn pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ohùn Tatsuya Nakadai, òṣèré tí Akira Kurosawa náà lò nínú fíìmù rẹ̀, ló wà lẹ́nu Sàtánì. Kò bú ramúramù. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń fi pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn náà sì wà létí mi ju ìrísí Sàtánì fúnra rẹ̀ lọ. Aiko Nagayama tó ṣe Jeanne ní iṣẹ́ tó le jù, nítorí òun ló gbọ́dọ̀ fi ohùn ya ìrora sọ́tọ̀ kúrò lára adùn níbi tí ayàwòrán kò ti yà wọ́n. Ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ di ojú yín ní àwọn ibì kan, ẹ ó gbọ́ fíìmù mìíràn.

Ó kù òpin. Ọlọ́lá fi ipò tó tẹ̀ lé tirẹ̀ lọ Jeanne, ó sì béèrè ohun tó tún kù tó ń fẹ́. Gbogbo nǹkan ni Jeanne ní òun ń fẹ́. Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyẹn, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ iye tó tó fún un. Wọ́n so ó mọ́ igi. Jean tó ti ń sá látẹ̀yìnwá já jáde wàyí, nígbà tí kò wúlò mọ́, wọ́n pa á. Bí iná ti ń jó, ojú àwọn obìnrin tó wá wòran ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú Jeanne ló ń di. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí!

Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sójú fíìmù nípa Ìyípadà ilẹ̀ Faransé ní 1789 àti àwọn obìnrin tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì gbé àwòrán Eugène Delacroix jáde, ti obìnrin tó ṣíyàn, tó gbé àsíá sókè láàárín ìbọn àti òkú. Àwòrán tó dára ni, ó wà ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris. Ṣùgbọ́n ọdún 1830 ni Delacroix yà á, ìjà ọdún 1830 tó lé Ọba Charles Kẹwàá kúrò lórí oyè ló sì yà, kì í ṣe ti 1789. Ká tiẹ̀ gbójú fo ìyẹn, kí ló gbé Jeanne débẹ̀? Fún wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyà ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi hàn wá. Kò bá obìnrin kankan ní abúlé gbìmọ̀ ìjà. Aya ọlọ́lá, obìnrin kejì tó ní orúkọ oyè nínú ìtàn náà, owú nìkan ni wọ́n fún un ṣe. Wọ́n kàn fi àsíá bo ohun tí wọ́n ti ń wò láti àárọ̀. Àwọn tó ń pe Belladonna ní fíìmù òmìnira obìnrin, ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń dì mú. Èmi rí òmìnira náà nínú ẹnu Nagayama àti nínú ìran ojú tó ń yí padà. Kò sí nínú iyókù. Ó sì dùn mọ́ mi láti mọ̀ pé Chinatsu Nakayama, tí ohùn rẹ̀ ń sọ ìtàn náà fún wa, padà di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Japan ní 1980.

Bí mo bá fẹ́ fún un ní máàkì, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni, mẹ́sàn-án fún àwòrán àti orin, mẹ́ta fún ojú tó fi wo obìnrin rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán gbọ́dọ̀ wò ó, pàápàá àwọn tó rò pé láìsí owó ńlá káàtúùnù kò ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tó ń sáré, kó fi í sílẹ̀. Ẹ má wò ó lórí fóònù. Ìlà Fukai a pa rẹ́ lójú kékeré. Bí ẹ bá lè yan àwọ̀ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ yan àwọ̀ ìyeyè, nítorí níbi tí mo ti yá a wò, ọ̀rọ̀ funfun ni wọ́n kọ sórí bébà funfun, mo sì pàdánù odindi gbólóhùn nígbà tí Sàtánì ń ṣe àdéhùn. Mi ò rò pé màá tún un wò lódindi. Ìran àjàkálẹ̀ àrùn yẹn ni mo ń padà sí, mo sì máa ń pa á níbi tí àwọ̀ bá ti ń padà wọlé.